Téèpù télọ̀ ni mo fi wọn ọ̀nà mẹ́rin tí wọ́n fi ń dín sanra kù

Télọ̀ tó bá mọ iṣẹ́ máa ń fi aṣọ díẹ̀ sílẹ̀ sínú ẹ̀yìn ṣòkòtò, kó lè rí nǹkan tú bí ara oníbàárà bá gbòòrò sí i. Ṣòkòtò dúdú kan wà tí mo rán fún ara mi lọ́dún tí mo ṣí ṣọ́ọ̀bù ní Ìjàyè, ní Abẹ́òkúta. Mo ti tú ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ní oṣù Kejìlá ọdún kan, mo tún gbé e sí orí máṣíìnì, mo fi abẹ tú ojú rírán rẹ̀, mo wá rí i pé aṣọ inú rẹ̀ ti tán. Ojú abẹ́rẹ́ àtijọ́ mẹ́ta tò síbẹ̀ bí ilà, kò sì sí ibi tí ìkẹrin máa gbà. Mo fa téèpù ọrùn mi, mo wọn ikùn ara mi: ínṣì 46. Lọ́sẹ̀ yẹn náà, mo gun òṣùwọ̀n nílé ìwòsàn: kílò 104. Nọ́ọ̀sì wọn ẹ̀jẹ̀ mi, ó ní 152 lórí 96, ó ní kí n jókòó, kí n fara balẹ̀, òun fẹ́ tún un wọ̀n. Nígbà tó tún un wọ̀n, kò yàtọ̀.

Bàbá mi ni àrùn rọpárọsẹ̀ gbé ṣánlẹ̀ lẹ́ni ọdún 58. Èmi wà lẹ́ni ọdún 49 nígbà yẹn. Mi ò lè fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré.

Ọdún kan àti oṣù mẹ́jọ ni mo fi gbìyànjú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí lára ara mi. Ìwé tí mo ń kọ ìwọ̀n oníbàárà sí ni mo ń kọ tèmi náà sí, láràárọ̀ Sátidé. Ọmọ mi obìnrin tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa oúnjẹ ní FUNAAB, yunifásítì ètò ọ̀gbìn tó wà ní Abẹ́òkúta, ló ń bá mi ka ohun tí àwọn onímọ̀ ti ṣèwádìí rẹ̀. Ẹni tó bá ń lo oògùn àtọ̀gbẹ tàbí ti ẹ̀jẹ̀ ríru, aboyún, abiyamọ tó ń fún ọmọ lọ́yàn, kí wọ́n kọ́kọ́ rí dókítà, torí oògùn tí wọ́n ń lò lè ju ti ara wọn lọ bí ara bá bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́.

Ẹ jẹ́ ká ti orí wíwọ̀n bẹ̀rẹ̀, torí iṣẹ́ mi nìyẹn. Òṣùwọ̀n máa ń ka omi, ó ń ka oúnjẹ tó wà nínú ìfun, ó ń ka egungun àti ẹran ara mọ́ ọ̀rá. Téèpù kì í ka gbogbo ìyẹn. Ẹ wá egungun ìhà tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, ẹ wá orí egungun ìbàdí, àárín àwọn méjèèjì ni ẹ ó fi téèpù sí. Ẹ mí síta bí ẹ ṣe ń mí lójoojúmọ́, ẹ má fa ikùn wọlé, ẹ má jẹ́ kí téèpù wọ inú ẹran. Àárọ̀ ló dára jù, kí ẹ tó jẹun, lẹ́yìn tí ẹ bá ti tọ̀. Ọkùnrin tó bá ti kọjá ínṣì 40, obìnrin tó bá ti kọjá ínṣì 35, ọ̀rá inú ikùn ti pọ̀ débi tó lè ṣe àkóbá fún ọkàn àti fún ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Ọ̀pọ̀ oníbàárà mi ni mo ti wọ̀n tó ti kọjá ibẹ̀, tí wọ́n ń sọ pé owó ló ń hàn lára àwọn.

Ọ̀nà àkọ́kọ́ tí mo gbìyànjú ni tíì. Ẹnì kan gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó ní ọ̀sẹ̀ kan ni ikùn máa fi wọlé. Mo mu ún fún ọjọ́ mẹ́fà. Mi ò lè jókòó ti máṣíìnì ju ìṣẹ́jú ogún lọ kí n tó sáré sẹ́yìn ilé. Òṣùwọ̀n fi hàn pé kílò mẹ́ta ti lọ. Téèpù ò kúrò lórí 46. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin tí mo dáwọ́ dúró, kílò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti padà. Ọmọ mi wá ṣàlàyé rẹ̀ fún mi: ewé inú tíì náà tó ń mú èèyàn yàgbẹ́, inú ìfun ńlá ló ti ń ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ sì rèé, inú ìfun kékeré ni ara ti ń gba agbára inú oúnjẹ. Kí tíì tó dé ibẹ̀, òkèlè àná ti di ti ara. Omi àti iyọ̀ ara ni èèyàn ń yà dànù. Èyí tó bà mí nínú jẹ́ ni pé obìnrin kan ládùúgbò wa mu irú rẹ̀ títí ó fi dákú lọ́jà. Ẹ má ra á fún ara yín, ẹ má sì rà á fún ọmọbìnrin yín tó ń múra ìgbéyàwó.

Ọ̀nà kejì ni kí èèyàn pa òkèlè tì: kò sí láfún, kò sí ẹ̀bà, kò sí ìrẹsì, kò sí búrẹ́dì, kò sí iṣu. Mo bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejì. Ẹyin, ẹja titus, ẹ̀fọ́ rírò, ẹran, kábéèjì. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kílò mẹ́ta lọ, mo sì ń pariwo rẹ̀ fún gbogbo èèyàn. Ọmọ mi ní kí n má tíì yọ̀. Ara máa ń kó ṣúgà díẹ̀ pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀ àti ẹran ara, omi sì máa ń bá a gbé, giráàmù ṣúgà kan pẹ̀lú omi bíi giráàmù mẹ́ta. Bí èèyàn bá pa òkèlè tì, ara á ná èyí tó kó pamọ́, omi rẹ̀ á sì bá ìtọ̀ lọ. Lóòótọ́, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ yẹn, ó di ìdajì kílò lọ́sẹ̀. Nígbà tó fi máa pé ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, mo wà ní kílò 97, téèpù sì ti bọ́ sí 43 àti ìdajì.

Ó ṣiṣẹ́, mi ò ní purọ́. Ohun tó dára níbẹ̀ ni pé ẹyin àti ẹja máa ń tẹ́ èèyàn lọ́rùn, ebi kì í tètè pa mí. Àmọ́ owó ẹyin àti ẹran ń gbọ́n àpò mi gbẹ, ìgbẹ́ ò fẹ́ yà mọ́, ìyàwó mi sì ń se ìkòkò méjì lójoojúmọ́, tèmi lọ́tọ̀, tàwọn ọmọ lọ́tọ̀. Ẹ̀gbá ni mí. Láfún ni wọ́n fi tọ́ mi dàgbà. Ìlànà tó bá ní kí n má fojú kan láfún mọ́, kò lè ju oṣù mẹ́ta lọ lọ́dọ̀ mi. Nígbà ọdún Àjíǹde, àwọn àbúrò mi wọlé láti Èkó, wọ́n ro láfún funfun, ewédú ń yọ̀ lórí rẹ̀, mo jẹ. Mo tún jẹ lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí oṣù Karùn-ún fi máa parí, mo ti padà sí kílò 101 àti ínṣì 45.

Mo rò pé ìwà mi ló burú. Ọmọ mi wá mú ìwádìí kan wá tó tù mí nínú. Ní ọdún 2018, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà gbé èsì kan jáde. Wọ́n pín èèyàn 609 sí ọ̀nà méjì: apá kan ń dín ọ̀rá kù, apá kejì ń dín ìrẹsì, búrẹ́dì àti ṣúgà kù. Lẹ́yìn ọdún kan, àwọn tó dín ọ̀rá kù ti fi kílò 5.3 sílẹ̀, bí a bá pín in dọ́gba. Àwọn tó dín ìrẹsì kù fi 6.0 sílẹ̀. Ìyàtọ̀ yẹn kéré ju ohun tí èèyàn lè gbára lé lọ. Nínú apá méjèèjì, àwọn kan fi ju kílò ogún sílẹ̀, àwọn kan tún sanra sí i. Ibẹ̀ ni ojú mi ti là. Ìbéèrè tí mo ń bi ara mi tẹ́lẹ̀ ni pé “èwo ló lágbára jù?” Èyí tó yẹ kí n bi ara mi ni pé “èwo ni mo máa ṣì máa ṣe nígbà tí ọdún bá tún yí po?”

Mo gbìyànjú ìrìn nìkan ní oṣù Kẹfà àti Keje, mi ò fọwọ́ kan oúnjẹ mi. Abẹ́òkúta kì í ṣe ìlú pẹ̀tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá ń fẹsẹ̀ rìn níbí ń gun òkè, ó ń sọ̀, ó tún ń gùn. Ìṣẹ́jú 45 láràárọ̀, kí oòrùn tó mú. Sátidé, mo máa ń lọ sí pápá ìṣeré MKO Abiọ́lá ní Kútọ̀, níbi tí àwọn ẹlẹ́gbẹ́jẹgbẹ́ ti ń sáré. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, mo ń gun àtẹ̀gùn Òkè Olúmọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, kílò kan péré ló lọ, téèpù bọ́ sí 44 àti ìdajì.

Ẹ wo ìdí rẹ̀. Ẹni tó wúwo tó mi, tó bá rìn fún ìṣẹ́jú 45, jó nǹkan bíi kálórì 250 (kálórì ni wọ́n fi ń wọn agbára inú oúnjẹ). Ṣíbí ìjẹun kan tó kún fún epo pupa ní 120. Ìrìn àárọ̀ mi odindi, ṣíbí epo méjì ló jẹ́. Bí mo bá sì ń bọ̀ láti Kútọ̀, mo ń ra bọ̀ọ̀lì àti ẹ̀pà. Ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀pà kan ti sún mọ́ 170. Mo ń fi ọwọ́ ọ̀tún kó jáde, mo ń fi òsì kó wọlé.

Ṣùgbọ́n ẹ má torí ìyẹn pa ìrìn tì. Nígbà tí nọ́ọ̀sì wọn ẹ̀jẹ̀ mi ní òpin oṣù Keje, ó jẹ́ 138 lórí 88, kílò kan péré sì ni mo tíì fi sílẹ̀ látìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ ìrìn. Mo ń sùn dáadáa. Orúnkún mi tó máa ń dùn mí lórí pẹ́dàlì dákẹ́. Ìwádìí ńlá kan wà ní Amẹ́ríkà tí èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2002, lórí àwọn èèyàn tó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta tí àtọ̀gbẹ ti ń kanlẹ̀kùn wọn. Wọ́n ní kí apá kan nínú wọn fi ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara wọn sílẹ̀, kí wọ́n sì máa rìn fún ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀. Nǹkan bí ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ewu àtọ̀gbẹ ti fi ìdá 58 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù lọ́dọ̀ wọn. Fún èmi tó jẹ́ kílò 104, ìdá méje yẹn jẹ́ kílò méje. Kò dìgbà tí èèyàn bá di tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọmọge kó tó jèrè.

Ààwẹ̀ ni ìkẹrin: mi ò ní jẹ nǹkan kan títí di aago kan ọ̀sán, mi ò sì ní jẹ mọ́ lẹ́yìn aago mẹ́jọ alẹ́. Èyí rọ̀ mí lọ́rùn, ìlú tí Mùsùlùmí àti Kristẹni ti ń gbààwẹ̀ pa pọ̀ la wà. Àmọ́ oṣù àkọ́kọ́, òdo ni mo rí. Mo ń fi ìbínú ṣínu ni. Aago kan bá ti lù, mo ti rẹ gàrí Ìjẹ̀bú kún abọ́, ṣúgà àti ẹ̀pà lórí rẹ̀. Alẹ́, mo ń jẹ láfún èèyàn méjì. Ní Guangzhou ní Ṣáínà, wọ́n fi èèyàn 139 dán irú rẹ̀ wò, èsì jáde ní ọdún 2022. Gbogbo wọn ló dín oúnjẹ kù, ṣùgbọ́n apá kan ń jẹun láàárín aago mẹ́jọ àárọ̀ sí mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ nìkan. Lẹ́yìn ọdún kan, àwọn aláago fi kílò 8.0 sílẹ̀, àwọn yòókù 6.3, wọ́n sì ní ìyàtọ̀ náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ohun tó wọ abọ́ ló ṣe iṣẹ́ náà. Ẹni tí aago bá ràn lọ́wọ́ láti jẹ díẹ̀, kó lò ó. Ẹni tó bá ní ọgbẹ́ inú, tàbí tó ń lo oògùn ṣúgà, kó má dán an wò láìgbọ́ ẹnu dókítà.

Láti oṣù Kẹwàá ni mo ti wá bẹ̀rẹ̀ èyí tí mo ṣì ń ṣe di òní, ìdáná ló sì ti bẹ̀rẹ̀.

Mo yá òṣùwọ̀n kékeré lọ́wọ́ obìnrin tó ń ṣe kéèkì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi. Agolo mílíìkì ni ìyàwó mi fi ń wọn èlùbọ́ láfún. Mo ní kó wọ̀n ọ́n bó ṣe máa ń ṣe é, kó má fi mí ṣàánú. Agolo mẹ́ta ni, gbogbo rẹ̀ lé téńté, tí èlùbọ́ ń dà sílẹ̀ létí rẹ̀. A dà á sórí òṣùwọ̀n: giráàmù 330. Láfún gbígbẹ, bíi kálórì 350 ló wà nínú 100 giráàmù rẹ̀. Nǹkan bí 1,150 ni mò ń gbé mì lálẹ́ ọjọ́ kan, láì tíì ka ọbẹ̀, láì tíì ka ẹran. Àwa méjèèjì wo ara wa. Ìyàwó mi ní, “Bàbá wọn, mo rò pé ìfẹ́ ni mò ń fi hàn.” Ìfẹ́ ni lóòótọ́. Àtìgbà náà, agolo kan ni, èyí tí a fi ọwọ́ gé orí rẹ̀. A ò lé láfún jáde nílé.

Àyè tí òkèlè fi sílẹ̀, ẹ̀fọ́ ló gbà á. Tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ẹ̀bọ̀lọ̀, wọ̀rọ̀wọ́, èyíkéyìí tó bá pọ̀ lọ́jà Kútọ̀. Kí ẹ̀fọ́ gba ìdajì abọ́. Kì í ṣe kí ewédú kàn yọ̀ lórí òkèlè, ẹ̀fọ́ tí èèyàn lè fi eyín jẹ ni mò ń sọ. Ẹja tàbí ẹran tàbí ẹyin méjì a wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mò ń kọ́kọ́ jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹja náà kí n tó fọwọ́ kan òkèlè. Bí mo bá dé ìdí òkèlè, ìkánjú ti lọ.

Epo ni ẹlẹ́ẹ̀kejì, òun ló sì ya ìyàwó mi lẹ́nu jù. Tẹ́lẹ̀, láti inú kẹ́ẹ̀gì ló ti ń dà á sínú ìkòkò. Ní báyìí, ṣíbí ìjẹun ló fi ń kà á, ṣíbí márùn-ún fún ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ tí àwa márùn-ún máa jẹ. Ọbẹ̀ náà dùn, irú àti panla kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Àwọn kan ń sọ pé ìrẹsì Ọ̀fàdà ló ń múni fọn. Mo fẹ́ràn Ọ̀fàdà, ìlú rẹ̀ kò jìnnà sí wa, wọn kì í sì í bó èèpo rẹ̀ tán, ìyẹn dára fún ìfun. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọbẹ̀ ata tí wọ́n fi ń jẹ ẹ́, bí epo ṣe ń léfòó lórí rẹ̀. Ẹ fi ọbẹ̀ náà sílẹ̀ kó tòrò, kí ẹ bu ti ìsàlẹ̀.

Ẹ̀wà kan náà lè di ọ̀nà mẹ́ta. Àkàrà mu epo. Mọ́ínmọ́ín mu díẹ̀, bó bá ṣe wu ẹni tó sè é. Ẹ̀kuru kò mu rárá, ata díndín tí a fi jẹ ẹ́ nìkan ló lépo. Ẹ̀kuru tàbí mọ́ínmọ́ín pẹ̀lú ẹ̀kọ kan ni oúnjẹ ọ̀sán mi báyìí ní ṣọ́ọ̀bù, ó sì ń gbé mi dé alẹ́ ju gàrí lọ. Mìnírà àti mọ́ọ̀tì tí mò ń bá oníbàárà mu ti dópin, omi tútù ni. Ìgò mìnírà onísẹ̀ńtílítà 50 sún mọ́ kóró ṣúgà mẹ́wàá. Ẹ ka ara ìgò, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀.

Òde ìnáwó nìkan ló ṣì ń bá mi jà. Télọ̀ ni mí, gbogbo ẹni tí mo ránṣọ fún ló ń pè mí. Mo ń jẹ ẹ̀kuru kí n tó kúrò nílé. Níbẹ̀, mo ń jẹ mọ́ínmọ́ín àti ẹja, mo ń ní kí wọ́n fi ìrẹsì sínú ike, mo sì ń gbé e fún àwọn ọmọ. Bí mo bá jẹ àjẹjù lọ́jọ́ kan, mi ò ní fi ebi pa ara mi lọ́jọ́ kejì, agolo kan náà ni màá padà sí.

Mo ṣì ń rìn, ìṣẹ́jú 40, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Mo sì fi ohun kan kún un tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Bí ara bá ń jò, kì í ṣe ọ̀rá nìkan ló ń lọ, ẹran ara náà ń bá a lọ, àfi tí èèyàn bá fún un níṣẹ́ ṣe. Ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, mò ń ṣe jókòó-dìde lórí àpótí tí mo fi ń ránṣọ: ọwọ́ kò ní kan nǹkan kan, mẹ́wàá, ìsinmi, mẹ́wàá, ìsinmi, mẹ́wàá. Mo tún ń fi ọwọ́ méjèèjì ti ògiri, bíi pé mo fẹ́ tì í kúrò nílẹ̀. Lóṣù àkọ́kọ́, márùn-ún péré ni mo lè ṣe, itan mi ń gbọ̀n. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí agbára yín bá mọ.

Ó falẹ̀. Kílò kan àti díẹ̀ lóṣù ni. Láàárín oṣù Kẹta àti Kẹrin, ọ̀sẹ̀ márùn-ún kọjá tí òṣùwọ̀n kò mira, téèpù sì ń lọ sísàlẹ̀ ní tirẹ̀, ìdá mẹ́rin ínṣì, lẹ́yìn náà ìdá mẹ́rin mìíràn. Ká ní òṣùwọ̀n nìkan ni mo gbára lé ni, mi ò bá ti jáwọ́. Ara tó ti fúyẹ́ kì í jó kálórì tó ti tẹ́lẹ̀, torí náà ohun tó ń dín in kù lóṣù Kẹwàá lè má dín in kù mọ́ lóṣù Kẹrin. Mo fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kún ìrìn, òṣùwọ̀n sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ.

Ẹ múra sílẹ̀ de ẹnu àwọn èèyàn. Wọ́n á ní ẹ ti rù. Ìyá àgbà kan tí mo ń rán bùbá fún fa apá mi, omi wà lójú rẹ̀, ó ní, “Ọmọ mi, ṣé kò sí nǹkan? Sọ fún mi.” Mo mú ìwé ìwọ̀n mi jáde, mo fi hàn án, ojú ìwé kan sí èkejì. Ó ní kí n wọn tòun náà.

Lónìí Sátidé, ínṣì 39 àti ìdajì, kílò 88. Ẹ̀jẹ̀ 126 lórí 80 lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo ti gbé ṣòkòtò dúdú náà sórí máṣíìnì, ojú abẹ́rẹ́ tó kọ́kọ́ wà níbẹ̀ ni mo fẹ́ rán padà.